Iyọ̀ Tí Mo Dà Sóko Lọ́lá

Ẹ̀yin ará ìjọ wa ní Ilu-Abo, kí ẹ tó ra ìrẹsì ìkórè yìí tán, ẹ gbọ́ tẹnu mi. Òótọ́ kan wà tí mo fi pamọ́ fún yín. Èmi Akínlolú ni mo da iyọ̀ sóko Lọ́lá, àbúrò mi, ọmọ ìyá mi.

Bàbá ló pín àkùrọ̀ fún wa, Lọ́lá lókè, èmi nísàlẹ̀. Bàbá ní bí ìrẹsì Lọ́lá bá so dáadáa, ìdajì ilẹ̀ náà di tirẹ̀. Bí kò bá so, èmi ni mo ni gbogbo rẹ̀. Ìlara bá wọ̀ mí lẹ́wù. Kí lọmọ yunifásítì mọ̀ nípa oko? Nígbà tó ń kó eérú èèpo ìrẹsì bọ̀ láti Ìta-Ògbólú, mo bi í pé, “Ṣé ọṣẹ lo fẹ́ sè ni?”

Ó rẹ́rìn-ín. “Bọ̀ọ̀dá mi, èròjà kan tí wọ́n ń pè ní sílíkọ́nì wà nínú ẹ̀. Ó ń mú kí igi ìrẹsì le, ó sì ń dí ara gbòǹgbò kí iyọ̀ má ráyè wọlé. Àwọn tó ń dáko létí òkun la ń yẹ̀ ẹ́ wò fún ní yunifásítì, torí iyọ̀ ń pa ìrẹsì wọn.”

Ẹ wo ìwà ìkà. Ẹnu rẹ̀ ni mo ti gbọ́ pé iyọ̀ ń pa ìrẹsì. Mo gba ìyẹn gbọ́, mo fi ti eérú ṣẹ̀sín. Oǹdó ni mo ti lọ ra iyọ̀ kí ará ọjà Àkúrẹ́ kankan má baà bi mí léèrè. Lọ́lá wà ní yunifásítì lọ́jọ́ tí mo dà á. Ṣóńṣó ewé ìrẹsì rẹ̀ gbẹ, mo sì ń kọrin. Kò pẹ́ tó tún rúwé, ó dúdú minimini. Omi wá gbé iyọ̀ yòókù sọ̀ kalẹ̀ sóko tèmi, èmi àgbàlagbà àgbẹ̀ tó gbàgbé ibi tí omi ń ṣàn sí. Tèmi ò ní eérú, ló bá gbẹ pátápátá. Ẹni da eérú leérú ń tọ̀. Iyọ̀ lèmi dà ní tèmi.

Èyí tó burú jù nìyí. Lọ́lá yẹ ilẹ̀ wò, ó ní ẹnìkan ló da iyọ̀ síbẹ̀. Ojú gbogbo wa lọ sára Gbémiga, tí oko rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa, tí òun àti Bàbá ti jà rí. Ó ní, “Bàbá, mi ò débẹ̀ rí.” Bàbá kọjú sí mi: “Akínlolú, ìwọ lo máa ń wà lóko. Ṣé o rí i?” Mo ní mo rí i. Wọ́n lé e kúrò lórí ilẹ̀ tó ń dáko sí.

Láàárọ̀ yìí ni mo jẹ́wọ́ fún Lọ́lá. Ó sunkún nítorí Gbémiga. Ó ní, “Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ lọ sọ ọ́ níwájú gbogbo èèyàn.”

Mo ti sọ ọ́, ara mi sì fúyẹ́. Ẹ wo ìrẹsì Lọ́lá lórí tábìlì yẹn! Iyọ̀ mi ò rí i pa. Àbúrò mi ṣẹ́gun mi, inú mi sì ń dùn bí ẹni pé èmi ni mo ṣẹ́gun. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí àbúrò yín bá mọ ohun tẹ́ ẹ ò mọ̀, ẹ bi í, kó kọ́ yín.

Gbémiga, mo rí ọ lẹ́yìn níbẹ̀ yẹn. Mo dàgbà jù ọ́ lọ dáadáa, ṣùgbọ́n jọ̀ọ́, dìde dúró, kí n dọ̀bálẹ̀ fún ọ lójú àwọn tí mo parọ́ mọ́ ọ fún.