Èmi Ni Mo Pa Ìwé Bàbá Ọláníran Rẹ́

Ẹ̀yin ará Mọ́níyà, ẹ̀yin ará Akínyẹlé, ẹ̀yin tí ẹ máa ń fi èmi Sanmí ṣe àpẹẹrẹ ọmọ rere níwájú àwọn ọmọ yín, ẹ gbọ́ mi lónìí. Ọkàn mi ti wú ju bó ṣe yẹ lọ, dókítà sì ti sọ fún ìyàwó mi ohun tí kò sọ fún mi. Mo kà á lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe àìsàn yìí ló ń dà mí láàmú tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo gbé mì ni. Mo purọ́ mọ́ obìnrin kan tí kò ṣẹ̀ mí, ẹ̀yin náà bá mi gbà á gbọ́, ẹ sì bá mi tàn án kálẹ̀. Bí mo bá kú láì sọ òótọ́, á jẹ́ pé mo tún irọ́ náà pa nìyẹn.

Bàbá Ọláníran ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi. Ọ̀dọ̀ wọn ni mo gbé dàgbà, ní ẹ̀bá títì Ọ̀yọ́ ní Mọ́níyà. Tíṣà ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, àgbà ni wọ́n sì jẹ́ nínú ìjọ aláṣọ funfun wa. Ojú wọn ń ṣú díẹ̀díẹ̀, nígbà tó fi máa di ọdún 1996 wọn kò rí nǹkan kan mọ́. Ìgbà náà ni wọ́n ní àwọn fẹ́ kọ ìwé. Ìwé nípa àwọn abà tó yí Akínyẹlé ká ni: ẹni tó kọ́kọ́ gbin kòkó níbẹ̀, orin tí àwọn obìnrin ń kọ nídìí epo pupa, orúkọ àwọn ọmọdé tí ìgbóná kó lọ, tí kò tún sí ẹni tó rántí wọn mọ́ àfi Bàbá. Apá kan ìwé náà jẹ́ ti Gbọ́njúbọ́lá, ìyàwó wọn tó ti dolóògbé. Ọmọ wọn tó wà lókè òkun fi kọ̀ǹpútà kan ránṣẹ́ nítorí ìwé yìí. Bàbá kì í béèrè nǹkan púpọ̀. Ohun tí wọ́n máa ń wí ni pé, "Ojú mi kò ní rí i, ṣùgbọ́n kí ọwọ́ mi kàn án kí n tó lọ."

Mùjíbátù ló ń bá wọn tẹ̀ ẹ́. Opó ni, ará Akínyẹlé, ó kọ́ iṣẹ́ títẹ̀wé, ó sì ń fi tọ́ Roheem, ọmọkùnrin rẹ̀ kan ṣoṣo. Tó bá ti kírun Àílà tán lọ́sàn-án, á dé. Bàbá á na ẹsẹ̀ sórí ẹní, wọ́n á ní, "Mùjíbátù, ibo la dé?" Òun á ní, "A dé ibi tí ìyá yín ti ń lé ewúrẹ́, Bàbá." Àwọn méjèèjì á rẹ́rìn-ín, iṣẹ́ á sì bẹ̀rẹ̀. Kò sí ẹ̀rọ tó ń tẹ ọ̀rọ̀ sórí bébà nílé wa. Wọ́n ti fi àdéhùn sí i pé ó dìgbà tí ìwé bá parí kí wọ́n tó gbé e lọ tẹ̀ n'Ìbàdàn. Nítorí náà, inú kọ̀ǹpútà nìkan ni ìwé náà wà, àti inú àwọn dísíìkì pẹlẹbẹ tí Mùjíbátù da gbogbo rẹ̀ kọ sí nígbà tó kù díẹ̀ kí ó parí.

Ìkórè ọdún 1998 dé. Bàbá kò lóko mọ́, wọn kò sì fẹ́ lọ síwájú Ọlọ́run lọ́wọ́ òfo. Wọ́n ní kí n kó àwọn dísíìkì náà lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. "Èyí ni iṣu tèmi," ni wọ́n wí. Nígbà tí mo dé ibẹ̀, iṣu, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ìrèké ti kún iwájú pẹpẹ dẹ́nu. Mo wò yíká, mo rí sípíkà ńlá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹpẹ, mo sì gbé àpò dísíìkì náà lé e lórí. Mo rò pé ibi gíga ni, ibi mímọ́ sì ni. Wòlíì gbàdúrà sí wọn, wọ́n wọ́n omi sí wọn, wọ́n ní kí a fi wọ́n sílẹ̀ níbẹ̀ kí àdúrà máa bà lé wọn títí ìwé á fi jáde. Gbogbo ìsìn ni sípíkà yẹn ń bú ramúramù lábẹ́ iṣẹ́ Bàbá.

Láàárín ìgbà yẹn ni ọ̀rẹ́ mi Olúwadọ̀tun, tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Òjóò, gba sídì kan lọ́wọ́ ẹnì kan tó ti òkè òkun dé. Línọ́ọ̀sì ni orúkọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà ni, bíi ti èyí tó bá ẹ̀rọ Bàbá wá láti ilé ìtajà, ṣùgbọ́n ọ̀fẹ́ ni eléyìí. Olúwadọ̀tun ní, "Kò sẹ́ni tó ni ín, Sanmí. Gbogbo ayé ló jọ kọ ọ́. Bí o bá mọ̀ ọ́n, o lè ṣí inú rẹ̀, kí o tún un ṣe, kí o sì fún aládùúgbò rẹ." Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Ẹni tí kò ní nǹkan kan láyé, tí wọ́n sọ fún pé nǹkan ńlá kan wà tó jẹ́ tirẹ̀ náà! Mo ń lọ sí Òjóò láti kọ́ ọ, mo ń tẹ ọ̀rọ̀ funfun sórí ojú kọ̀ǹpútà tó dúdú kirikiri, mo ń ṣì í, mo tún ń tẹ̀ ẹ́. Mo wàásù rẹ̀ fún oníṣọ́ọ̀bù, mo wàásù rẹ̀ fún ọlọ́kadà. Mùjíbátù fi mí rẹ́rìn-ín: "Bọ̀dá Sanmí, ẹ ti di wòlíì kọ̀ǹpútà." Nígbà tí mo sọ fún Bàbá pé mo fẹ́ fi sínú ẹ̀rọ wọn, wọ́n ní, "Kò burú. Ṣùgbọ́n jẹ́ ká parí ìwé ná. Má fọwọ́ kàn án." Olúwadọ̀tun náà kìlọ̀ fún mi: "A lè pín inú ẹ̀rọ náà sí méjì, kí ti àtijọ́ wà níhìn-ín, kí tuntun wà lọ́hùn-ún. Àmọ́ má dá a ṣe. Dúró dè mí."

N kò dúró. Ọjọ́ Iléyá ni, Mùjíbátù kò wá, ọmọ aládùúgbò kan sì ti fa Bàbá lọ́wọ́ lọ kí àwọn ọ̀rẹ́ wọn. Ó ti pẹ́ tí a ti rí iná gbẹ̀yìn. Lójijì, iná dé lọ́sàn-án. Ẹ mọ bí a ṣe máa ń ṣe ládùúgbò wa bí iná bá dé: ẹni tó fẹ́ lọ aṣọ á sáré, ẹni tó fẹ́ fa omi á sáré, torí kò sẹ́ni tó mọ ìgbà tí wọ́n máa mú un lọ. Èmi náà sáré. Mo ki sídì bọ ẹ̀rọ. Ó ń bi mí ní ìbéèrè, mo ń dáhùn wàràwàrà. Nígbà tó yá, ó bi mí bóyá kí òun lo gbogbo àyè inú ẹ̀rọ náà, ó sì sọ kedere pé ohunkóhun tó bá wà níbẹ̀ máa parẹ́. Ẹ má jẹ́ kí n parọ́ fún yín pé n kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n. Ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé ẹ̀dà ìwé wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, wòlíì sì ti gbàdúrà sí i. Pípín ẹ̀rọ sí méjì máa pẹ́, iná lè lọ. Mo dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Nígbà tí ojú kọ̀ǹpútà wá dúdú, tó ń béèrè orúkọ mi àti ọ̀rọ̀ àṣírí mi, mo gbé ọwọ́ sókè, mo kígbe halelúyà. Àní mo jó!

Mo lọ kó àwọn dísíìkì wá. Mo ki ọ̀kan bọ̀ ọ́, kò rí nǹkan kan kà. Mo ki òmíràn, bákan náà. Mo sáré lọ sí Òjóò láti pe Olúwadọ̀tun. Ó dé, ó yẹ̀ wọ́n wò, ó ní, "Ibo lo gbé wọn sí?" Mo sọ fún un. Ó di orí mú. "Sanmí! Òòfà ńlá tó ń fa irin ló wà nídìí sípíkà. Òòfà ló nu gbogbo rẹ̀ nù." Ó gbìyànjú gbogbo ohun tó mọ̀ lórí ẹ̀rọ náà, kò rí ìwé mú jáde. Ó ní, "Lọ jẹ́wọ́ fún Bàbá. Wọ́n fẹ́ràn rẹ." Mo dọ̀bálẹ̀ fún un, ọ̀rẹ́ mi tí a jọ jẹ́ ẹgbẹ́. Mo bẹ̀ ẹ́ kó dá ètò àtijọ́ padà sínú ẹ̀rọ kí ẹnikẹ́ni má mọ̀. Ó ṣe é, ojú rẹ̀ kò dára. Ó ní, "Mi ò ní sọ, ṣùgbọ́n má fi orúkọ mi sí i." Ẹ má bá Línọ́ọ̀sì wí. Ó bi mí léèrè kó tó ṣe é.

Lọ́jọ́ kejì mo sọ fún Bàbá pé ìwé ti bọ́ sọnù nínú kọ̀ǹpútà, pé mo sì ti wo àwọn dísíìkì, Mùjíbátù kò da nǹkan kan kọ sí wọn, ó kàn ń tan Bàbá ni. Bí mo ti ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni Mùjíbátù wọlé, tòun ti abọ́ ẹran Iléyá tó gbé wá fún Bàbá. Wọ́n bi í. Ó kúnlẹ̀ tòun ti abọ́ lọ́wọ́. "Bàbá, mo fi Ọlọ́run Allah búra, mo da gbogbo rẹ̀ kọ. Mo ṣí wọn, mo ka níbẹ̀ sí yín létí, kí Bọ̀dá Sanmí tó kó wọn lọ." Bàbá ní kí n kó àwọn dísíìkì náà lé àwọn lọ́wọ́. Wọ́n ń fi ìka wá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ní, "Sanmí, ìwọ ni ojú mi. Kí lo rí nínú wọn?" Mo ní, "Kò sí nǹkan kan níbẹ̀, Bàbá." Ọ̀rọ̀ náà jóòótọ́, ìyẹn ló jẹ́ kó burú. Mùjíbátù yíjú sí mi. Kò bínú. Ńṣe ló ń dúró kí n sọ ìyókù. N kò sọ ọ́. Bàbá ní, "Mùjíbátù, máa lọ sílé." Ó gbé abọ́ ẹran sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó lọ. Ẹnikẹ́ni nínú wa kò jẹ ẹran náà.

Mo ròyìn rẹ̀ káàkiri. Mo sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo sọ ọ́ ní gáréèjì, mo ń fi iyọ̀ sí i. Wọn kò gbé iṣẹ́ fún un mọ́ ní Mọ́níyà. Àwọn ọmọ ń pe Roheem ní ọmọ òpùrọ́ nílé ìwé. Síbẹ̀, èyí kọ́ ló burú jù.

Bàbá ní ká tún bẹ̀rẹ̀, kí èmi máa tẹ̀ ẹ́. Wọ́n á béèrè pé, "Ibo la dé?" n kò ní mọ̀. Wọ́n ń da orúkọ pọ̀, wọ́n ń gbàgbé orin láàárín, omi á sì máa bọ́ lójú wọn. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, nígbà òjò, Mùjíbátù dé. Ìta ni mo ti pàdé rẹ̀. Ó ní, "Bọ̀dá Sanmí, n kò wá gba iṣẹ́ padà. Ẹ ṣáà jẹ́ kí n jókòó ti Bàbá. Ohun tí wọ́n bá gbàgbé, màá rán wọn létí. Ohun tí èmi náà bá gbàgbé, wọ́n á rán mi létí. Ìwé yẹn máa padà." Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé ìwé Bàbá kò tíì kú. Ó wà lórí àwọn méjèèjì, ó kàn nílò kí wọ́n jókòó pọ̀ ni. Ṣùgbọ́n mo tún rò ó pé bí wọ́n bá jókòó pọ̀, wọ́n á sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ á sì já sí ọ̀dọ̀ mi. Mo ní, "Òpùrọ́, ṣé o fẹ́ pa Bàbá ni? Bí mo bá tún rí ẹsẹ̀ rẹ níbí, ọlọ́pàá ni màá pè." Ó ní, "Ṣé Bàbá ló ní kí ẹ sọ bẹ́ẹ̀?" Mo ní, "Bàbá ni." Ó yí padà.

Bàbá pè mí láti inú ilé. "Ta lo ń bá sọ̀rọ̀?" Mo ní, "Ẹnì kan tó ń béèrè ọ̀nà Ìròkò ni, Bàbá." Wọ́n ní, "Ohùn rẹ̀ jọ ti Mùjíbátù." Mo ní, "Òun kọ́." Wọ́n wá ní, "Ì bá jẹ́ òun ni, ǹ bá ní kó wọlé. Mo ti dárí jì í tipẹ́. Àárò rẹ̀ ń sọ mí." Ẹ̀yin ènìyàn mi, mo ń rí i láti ojú fèrèsé. Ó ṣì dúró létí títì nínú òjò, ó ń dá ọkọ̀ dúró. Bí mo bá kígbe, á gbọ́. Mo wò ó títí ó fi wọ ọkọ̀.

Bàbá kú kí ọdún náà tó parí. Ọwọ́ wọn kò kan ìwé kankan. Lọ́jọ́ ìsìnkú, ẹ̀ ń bọ̀ mí lọ́wọ́, ẹ ní ọmọ bíi tèmi ṣọ̀wọ́n. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Ojú ń tì mí títí di òní olónìí.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo ránṣẹ́ pe Mùjíbátù ní Àkànràn, lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Sàníù tó sá lọ bá nítorí irọ́ mi. Ó wá. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Kò bi mí nípa dísíìkì, kò bi mí nípa sípíkà. Ó ní, "Ṣé lóòótọ́ ni Bàbá ní àárò mi ń sọ àwọn?" Mo ní lóòótọ́ ni. Ó fi gèlè bojú, ó sunkún títí èjìká rẹ̀ fi ń mì. Mo ní kó bá mi wá ìwé náà padà, ó mi orí. Ó ní orin kọ̀ọ̀kan ṣì kù lórí òun, ṣùgbọ́n ẹni tó mọ ìyókù ti lọ. Mo wá bẹ̀ ẹ́ pé kó dárí jì mí. Ó ní, "Ẹ má tíì bẹ̀ mí, Bọ̀dá Sanmí. Gbogbo ẹni tí ẹ sọ ọ́ fún, ẹ kọ́kọ́ padà lọ bá wọn."

Ẹsẹ̀ mi kò gbé mi dé ojúlé kọ̀ọ̀kan mọ́, ìdí nìyí tí mo fi ń bá yín sọ̀rọ̀ báyìí. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí nǹkan tuntun ń wọ̀ lójú, ẹ kọ́ ọ, kò sí ibi nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ẹ bá ba nǹkan oníǹkan jẹ́, ẹ sọ ọ́ lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹni tí ẹ ṣẹ̀ tó kú mọ́ yín lọ́wọ́. Ẹ̀yin àgbà, n kò ní kí ẹ forí jì mí. Ohun kan ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún. Kí ẹni tó bá mọ ọ̀nà Àkànràn nínú yín lọ sọ fún Mùjíbátù, kí Roheem sì gbọ́, pé ẹ ti gbọ́ òótọ́ lẹ́nu èmi fúnra mi, pé kò purọ́. Bí ó bá ti gbọ́ ọ lẹ́nu yín, nígbà náà ni màá tó ní ẹnu láti bẹ̀ ẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kó pẹ́.