Kì Í Ṣe Eruku Igi Ló Pa Ìyá Ẹ

Jímọ̀h ọmọ mi, jọ̀ọ́, gbọ́ kásẹ́ẹ̀tì yìí tán kó o tó pa á. Èmi Ìyá Màmúdù ni, tó ń ta oògùn ní ọjà Race Course. Ọkàn mi ti wú, dókítà ní kò lè pẹ́ mọ́. Mi ò lè gbé e wọ sàréè: kì í ṣe eruku igi bàbá ẹ ló pa Hàjàrá ìyá ẹ. Èmi ni.

O mọ̀ pé ó ní ikọ́ fée, ó tún ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Nífẹ́dípìn ni dókítà kọ fún un. Níwájú tébù mi ló ti ń rẹ́rìn-ín, "Ìyá Màmúdù, eléyìí ò ní dí mi láyà o. Dókítà ní àwọn kan wà tó máa ń fún ọ̀nà èémí pa fún oníkọ́ fée. Má fún mi ní òmíì." Mo ní, "Ei, ṣé òpè ni mí ni?" Òpè ni mí, wàláhì. Lọ́dún '91 yẹn, nífẹ́dípìn tán lọ́wọ́ mi. Kàkà kí n ní kò sí, kó má baà lọ bá Akosua tó ń tà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mo ka propranólọ̀, ọ̀kan lára àwọn tó ń fún ọ̀nà èémí pa yẹn, sínú ìwé ìròyìn, mo wé e fún un. Ṣebí ẹ̀jẹ̀ ríru náà ni wọ́n ń lò ó fún? Mo ní, "Wọ́n pa àwọ̀ ẹ̀ dà ni." Irọ́ paa!

Lọ́jọ́ kejì ó padà wá, èémí ẹ̀ ń han fíì-fíì. "Àyà mi ń dí." Ẹnu mi yìí ló ní, "Eruku tí ọkọ ẹ ń gbé bọ̀ láti ibi tó ti ń la igi ní Anloga ni. Máa lo oògùn ẹ." Ó gbà mí gbọ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, wọ́n pè mí sí ilé yín ní Moshie Zongo, ẹ̀mí ti bọ́. Àwọn obìnrin ń sunkún, èmi ń tọwọ́ bọ abẹ́ ìrọ̀rí ẹ̀. Mo rí ìwé ìròyìn yẹn, mo kì í sínú ìró mi. Ìgbà yẹn ni mo tó figbe ta: "Bàbá Jímọ̀h, eruku yín ti pa á!" O wà níbẹ̀. Látìgbà náà o ò bá bàbá ẹ jẹun mọ́. Bàbá ẹ ta ayùn wọn, wọn ò fọwọ́ kan igi mọ́. Èmi náà ni mo ń kí wọn pé ẹ kú ìrọ́jú. Èmi, ọ̀dájú.

Mi ò ní kó o dárí jì mí. Bàbá ẹ ni mo ń bẹ̀ ẹ́ fún, mepa wo kyɛw, jọ̀ọ́. Gbé kásẹ́ẹ̀tì yìí lọ bá wọn, kí wọ́n gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Títí dòní, kí wọ́n tó wọlé, wọ́n á kọ́kọ́ gbọn aṣọ wọn lẹ́nu ọ̀nà. Ní kí wọ́n má gbọn ọ́n mọ́.