Àjẹ́ Kankan Kò Ké Lánàá

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa, ẹ sún mọ́ ibùsùn mi. Dókítà ti ní kí wọ́n máa gbé mi lọ sílé, gbogbo wa la sì mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì gbé orin. Ọ̀rọ̀ kan ti há mi lọ́fun láti ọdún 2004, tí kò jẹ́ kí orin dùn lẹ́nu mi mọ́. N kò fẹ́ gbé e délé ìdájọ́. Òní ni n ó sọ ọ́.

Ẹ mọ̀ mí sí Dorothy, Ìyá Enoch, tó fi ọ̀pọ̀ ọdún se oúnjẹ ní kántíìnì ilé-iṣẹ́ kan. Nígbà tí Sister Adébísí, tó jókòó lẹ́sẹ̀ mi yìí, fẹ́ ṣí ilé oúnjẹ sí Ìkòsì, èmi ló wá bá. Ó ní, "Mummy, ojú yín ti rí ìdáná ńlá. Ẹ bá mi yan ohun tí màá lò." Orí mi wú. A jọ jáde lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń ta ohun èlò ìdáná ní Kétu. A yan fírísà, a yan ìkòkò, a yan ẹ̀rọ ìlọta. Nígbà tó kan gáàsì kúkà, Adébísí dúró ti tuntun kékeré kan. Mo fi í rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Bísí, ṣé ẹyin lo fẹ́ máa fi dín fún ọkọ ẹ ni? Wo tòkunbọ̀ yìí, ojú iná mẹ́fà, irin gidi. Èyí á sin ọmọ ọmọ ẹ." Ọlọ́jà náà ní, "Màmá yìí mọjà o." Ìyìn yẹn dùn mọ́ mi ju oyin lọ. Bó ṣe ra tòkunbọ̀ nìyẹn.

Ìyàsímímọ́ ilé oúnjẹ náà ku ọ̀la ni wọ́n so kúkà náà mọ́ sílíńdà. Ìyá ọkọ Adébísí wà níbẹ̀, Màmá Ruqoyah, Mùsùlùmí ni wọ́n, ẹ mọ̀ wọ́n. Wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà ìdáná, wọ́n ń fa imú. Wọ́n ní, "Bísí, nǹkan kan ń rùn níbí. Ọkàn mi ò balẹ̀ sí nǹkan yìí. Ẹ má tan iná kankan síbẹ̀ lọ́la o." Adébísí wojú mi. Mo ní, "Màmá, òórùn nǹkan tuntun ni." Tòkunbọ̀ tí mo fọwọ́ ara mi yàn, òun ni mo pè ní tuntun.

Nígbà tí wọ́n jáde tán, mo ṣe ohun tí kántíìnì kọ́ mi. Mo po omi ọṣẹ, mo fi ra ìdí páìpù tó gbé gáàsì wọ kúkà náà yí ká. Ọṣẹ náà hó, ó ń wú, ó ń bẹ́, ó tún ń wú. Gáàsì ń jò: irin ti là níbẹ̀, wọ́n fi ọ̀dà bò ó. Ẹ̀yin ará, mo rí i pẹ̀lú ojú mi méjèèjì, mo sì fi etí ìró mi nù ún gbẹ. Mo ti sílíńdà pa. Mo ní tí a bá ṣe ìyàsímímọ́ tán, n ó wá ẹni tí yóò tún un ṣe ní bòókẹ́lẹ́, kí ẹnikẹ́ni má baà gbọ́ pé Ìyá Enoch kò mọ nǹkan yàn. Ojú ló ń tì mí. Nítorí ìtìjú lásán ni.

Ẹ mọ àṣà ìjọ wa: ẹni tó ni ilé ni í kọ́kọ́ gbé àbẹ́là wọlé, kí àwa yòókù tó tẹ̀ lé e pẹ̀lú orin. Adébísí sì ti ṣí sílíńdà láàárọ̀, kí Wòlíì lè dá iná àkọ́kọ́. Bí mo ṣe dé ẹnu ọ̀nà ni òórùn náà gbá mi nímú. Adébísí ń bọ̀ pẹ̀lú àbẹ́là lọ́wọ́, oyún nínú rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín sí mi. Mo ní mo fẹ́ lọ mu omi, mo bọ́ síta. Ìta ni mo wà tí gáàsì fi bú gbàmù.

Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ tí ẹ ń wò yìí, ibẹ̀ ló ti jó. Oyún náà wálẹ̀ ní ọsibítù.

Síbẹ̀, èyí tó burú jù kù lẹ́yìn. Nígbà tí a péjọ lálẹ́ ọjọ́ náà láti tù ú nínú, ẹnìkan ní, "Màmá Ruqoyah ti sọ ọ́ lánàá pé kí a má tan iná. Báwo ni wọ́n ṣe mọ̀?" Gbogbo ojú yí sí mi, torí èmi ni mo wà níbẹ̀. Òtítọ́ wà lórí ahọ́n mi. Ohun tó jáde ni, "Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí." N kò parí òwe náà. Ẹ̀yin lẹ bá mi parí rẹ̀.

Màmá wà níbẹ̀, wọ́n wò mí. Wọ́n ní, "Ìyá Enoch, imú tìẹ náà gbọ́ òórùn yẹn." Mo ní, "Èmi ò gbọ́ nǹkankan, Màmá."

Láti ọjọ́ náà, wọ́n ń dá gbé ní yàrá ẹ̀yìn ní Alápẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá dín ẹran Iléyá fún àwọn ọmọ Adébísí, gọ́tà ni àwọn ọmọ náà ń dà á sí. Àwa la kọ́ wọn bẹ́ẹ̀. Obìnrin tó gbọ́ òórùn ewu tó sì kìlọ̀, òun la sọ di àjẹ́. Èmi tí mo gbọ́ tí mo dákẹ́, ẹ fi mí ṣe Ìyá Ìjọ.

Ẹ̀yin ọmọdé, ìtìjú kì í pa ènìyàn. Ẹ jẹ́ kí ojú tì yín, kí ẹ sọ̀rọ̀.

Adébísí, má tíì dá mi lóhùn. Ẹ má fi òróró kàn mí lórí. Ẹ dìde, kí ẹ kó àwọn ọmọ lọ sí Alápẹ̀rẹ̀, kí ẹ kúnlẹ̀ fún Màmá Ruqoyah, kí àwọn ọmọ jẹun lọ́wọ́ wọn lójú gbogbo yín. Lẹ́yìn náà, ẹ na àwo mi yìí sí wọn. Bí wọn kò bá bu oúnjẹ kankan sí i, ẹ má rọ̀ wọ́n. Ẹ gbé e bọ̀ lófìfo. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá bu oúnjẹ sí i, bó jẹ́ òkèlè kan péré, ẹ yára o. N ó gbìyànjú kí n dúró dè yín.