Ẹja Ẹ̀gbọ́n Mi Nínú Pálọ̀ Ọ̀gá Ọkọ Mi

Ẹ̀yin èèyàn mi, ìkà ni wọ́n ń pè mí ní Bódìjà báyìí. Ọkọ mi kò jẹ oúnjẹ mi mọ́, ìyá rẹ̀ sì ti kó àwọn àgbà wá bá mi pé kí n lọ tọrọ àforíjì. Èmi kẹ̀? Ẹ gbọ́ ohun tí ojú mi rí ná kí ẹ tó dá mi lẹ́jọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, ọmọ ìyá mi kan ṣoṣo, atukọ̀ òkun ni. Nígbà tó ti òkè òkun dé kẹ́yìn, ó gbé àpótí gíláàsì kan wá fún mi, pẹ̀lú àwọn ẹja òkun tíntìntín tí wọ́n ń pè ní góbì. Wọn kò gùn ju ìka ọmọdé lọ. Wọ́n dúdú, ìlà búlúù tó ń dán sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ lúwẹ̀ẹ́ káàkiri. Wọ́n á bà lé òkúta, wọ́n á máa wo ojú ẹni bí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀. Omi òkun ni mo ń rán awakọ̀ bù wá láti Èkó nínú kẹ́ẹ̀gì. Bí iná mànàmáná bá lọ, tí ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn sínú omi dákẹ́, pọ́ǹpù kẹ̀kẹ́ ni mo fi ń fẹ́ ẹ títí apá á fi máa ro mí. Kò pẹ́ ni òkun gbé ẹ̀gbọ́n mi lọ. A kò rí òkú rẹ̀ sin. Àwọn ẹja yẹn nìkan ló kù mí kù.

Mo lọ ṣọ̀fọ̀ rẹ̀ nílé wa ní Ìgbọ́kọ̀dá. Ìgbà tí mo padà dé, orí tábìlì ti ṣófo! Ọkọ mi ti gbé àpótí náà fún ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́, nítorí ipò tó ń wá.

Ó ní, "Ìyá Fẹ́mi, ẹja tí kò tó ọbẹ̀ sè lo ń sunkún lé?"

Mo nu ojú mi. Ẹni tó ṣu lè gbàgbé, ẹni tó kó o kò ní gbàgbé.

Nígbà tó yá, ọkọ mi sáré wọlé: ẹja ọ̀gá ti ń kú! Ìyàwó ọ̀gá ń da omi ẹ̀rọ àti iyọ̀ ọbẹ̀ sí i. "Jọ̀ọ́, bá mi lọ wò ó." Mo lè sọ àtúnṣe rẹ̀ fún un lórí ìdúró. N kò sọ ọ́. Mo bi í pé ọjọ́ wo ni ọ̀gá máa ń gbàlejò. Ó ní ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn. Mo ní ọjọ́ yẹn ni a ó lọ.

Àwọn èèyàn ńlá kún pálọ̀ ọ̀gá ní Ring Road. Ẹja kan péré ló kù, ó ń mí gúlegúle. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín sí mi: "Màdáámù, ọkọ yín ní òun ló ra ẹja yìí fún wa láti òkè òkun."

Mo kúnlẹ̀, mo kí wọn dáadáa. Mo wá ní, "Ẹ̀gbọ́n mi tó kú sínú òkun ló kó wọn wá fún mi, sà. Ìgbà tí mo ń ṣọ̀fọ̀ rẹ̀ ni ọkọ mi jí wọn gbé fún yín."

Ọkọ mi dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí kápẹ́ẹ̀tì. Ọ̀gá kò wò ó; wọ́n ní kí n máa gbé ohun mi lọ. Ẹja tó kù kú kí a tó dé Mọ́kọ́lá. Ipò yẹn sì bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Ṣé mo kábàámọ̀? Rárá o! Àmọ́ ohun kan ń bà mí lẹ́rù. Mo máa ń gbọ́ ẹkún ọkọ mi láti yàrá àlejò tó ń sùn sí, ẹkún náà sì ń dùn mọ́ mi létí. Ẹ̀yin tí ẹ ti pẹ́ nílé ọkọ jù mí lọ, ẹ jọ̀wọ́, báwo ni èèyàn ṣe ń bá ẹni tí ẹkún rẹ̀ ń dùn mọ́ni létí gbé?