Ọjọ́ tí mo jókòó sínú mọ́tò tí Fúnmi fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe

Ẹ̀yin ará mi, ẹ jẹ́ kí n kúnlẹ̀ ná kí n tó la ẹnu. Olúwa mi, mo dúpẹ́. Mo dúpẹ́, mo tún ọpẹ́ dá. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá mọ inú rò ló ń mọ ọpẹ́ dá. Mo ti rò ó síwá, mo ti rò ó sẹ́yìn, mo rí i pé bí kì í bá ṣe Ọlọ́run, ẹkún ni ǹ bá gbé wá sílé yìí lónìí, kì í ṣe ẹ̀rí. Ẹ bá mi ké alelúyà kan tí wọ́n máa gbọ́ ní Ṣáṣá!

Ẹ ṣé, mo gbọ́ tiyín. Ẹ mọ̀ mí, èmi ni Bàbá Fúnmi, àgbẹ̀ ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo ní Ìrókò níbí. Ìyá Fúnmi ti kìlọ̀ fún mi láti ilé pé kí n má pẹ́, ó ní bí mo bá ti gba máíìkì, bí ẹni gba ogún ni. Ìyá Fúnmi, ẹ fọwọ́ wọ́nú. Ẹ̀rí yìí kò ṣeé sọ ní kánjúkánjú.

Fúnmi ni àbíkẹ́yìn mi. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ télọ̀, òun ní mẹkáníìkì lòun ó ṣe. Ìyá rẹ̀ sunkún títí. Èmi ò sunkún, torí bàbá tó bí bàbá mi, alágbẹ̀dẹ ni wọ́n, mo ní ẹ̀jẹ̀ ló ń pè é, ẹ fi í sílẹ̀. Ọ̀gá tó lọ bá ní Ṣáṣá ní òun ò gba obìnrin. Fúnmi ò bá a jà o. Ó kàn ń lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù láràárọ̀, títí ó fi sú ọ̀gá náà, tó ní, "Ó dáa, wọlé, gbé jáàkì yẹn wá fún mi." Bó ṣe wọlé nìyẹn. Lónìí, bí ẹ́ńjìnnì bá ṣe agídí fún ọ̀gá yẹn, ta ló ń pè? Fúnmi mi ni!

Ó wá di ọjọ́ kan, ó bá mi lóko, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yá mi ní ṣẹ́ẹ̀dì tí ẹ ti ń bó ẹ̀gẹ́. Mo fẹ́ ṣe mọ́tò níbẹ̀."

Mo ní, "O fẹ́ tún mọ́tò ta ni ṣe?"

Ó ní rárá, òun ò tún ti ẹnikẹ́ni ṣe, òun fẹ́ ṣe tòun láti ilẹ̀ ni. Mọ́tò eré sísá, oníjòkòó méjì, tí kò lórùlé, tí kò nílẹ̀kùn. Mo ní bí òjò bá wá rọ̀ ńkọ́? Ó ní, "Bàbá, kì í ṣe mọ́tò ọjà." Ó wá ṣàlàyé fún mi pé àwọn kan wà tí wọ́n fẹ́ràn irú mọ́tò bẹ́ẹ̀, pé wọ́n máa ń kóra jọ sójú ọ̀nà kan tí wọ́n ti dí, tíráàkì ni wọ́n ń pè é. Kò sí ọlọ́kadà níbẹ̀, kò sí ewúrẹ́ tó ń sọdá, kálukú á sá eré tí agbára mọ́tò rẹ̀ bá gbé. Mo wò ó títí. Ojú rẹ̀ ń dán. Mo kó ẹ̀gẹ́ mi kúrò ní ṣẹ́ẹ̀dì.

Ẹ̀yin ará, ẹ̀bùn ń bẹ! Mo rí ọmọ yìí tó fi ẹfun ya àwòrán mọ́tò sílẹ̀ ṣẹ́ẹ̀dì, bó ṣe máa gùn tó, bó ṣe máa fẹ̀ tó. Ó gé irin onígun mẹ́rin, ó jó wọn pọ̀ lórí àwòrán yẹn. Ìgbà tó parí egungun mọ́tò náà, ó na okùn láti igun dé igun, ó mi orí, ó ní ó wọ́ díẹ̀. Èmi wò ó, n kò rí ibi tó wọ́. Ó gbé ayùn, ó gé e, ó bẹ̀rẹ̀ ọ̀tun! Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ká ọwọ́ lórí. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀, lára mọ́tò kan tó ti dojú dé ló ti yọ ọ́, ó tú u palẹ̀ pátápátá, ó fọ gbogbo rẹ̀ bí ẹni ń fọ ọmọ tuntun, ó tò ó padà. Páànù pẹrẹsẹ tó tẹ́ sílẹ̀ mọ́tò, èmi ni mo bá a di etí kan mú nígbà tó ń lù ú. Ó wá kùn ún ní àwọ̀ epo pupa.

Ẹnì kan wá wò wá lọ́jọ́ kan. N kò ní dárúkọ rẹ̀ o, àmọ́ ó wà níbí láàárọ̀ yìí, ó dé fìlà. Ó ní, "Bàbá Fúnmi, ṣé pósí lọmọ yín ń kàn ni?" Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lákínyẹmí ara. Láti ọjọ́ yẹn, àdúrà kan ṣoṣo ló wà lẹ́nu mi: Olúwa, má jẹ̀ẹ́ kí ọmọ mi kú sínú nǹkan tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe.

Ẹ má rò pé ọmọ náà kì í ṣọ́ra. Ó ṣọ́ra! Tó bá gbé e jáde sí ọ̀nà oko, á sáré díẹ̀, á tẹ bíréèkì lójijì, á bọ́ sílẹ̀, á wọ abẹ́ rẹ̀, á di nọ́ọ̀tì, á tún gbéra. Mo ní, "Fúnmi, ṣé ó ti bàjẹ́ ni?" Ó ní, "Rárá, Bàbá, mo ń wá ibi tó ti máa bàjẹ́ ni, kí n tó gbé e dé tíráàkì." Ẹ gbọ́ ọgbọ́n!

Ọjọ́ Sátidé ni wọ́n máa lọ sí tíráàkì. Sọ́ńdè tó ṣáájú rẹ̀, ẹ̀yin náà wà níbẹ̀, a gbé mọ́tò náà wá sí àgbàlá ìjọ yìí. Bàbá Wòlíì gbàdúrà lé e lórí, wọ́n wọ́n omi àdúrà yí i ká, a kọrin, a jó. Wọ́n wá ní kí àgbà kan bá ọmọ náà jókòó, kí wọ́n jọ sá eré àkọ́kọ́ lẹ́yìn àdúrà. Wọn ò tíì parí ọ̀rọ̀ tí mo ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò.

Fúnmi ti lọ bọ́ sùtánà tirẹ̀, ó ti wọ aṣọ iṣẹ́ àti bóòtù kan tó nípọn, èyí tó rà fún tíráàkì. Ó wo ẹsẹ̀ mi, ó ní, "Bàbá, ẹ wọ bàtà." Mo ní, "Pẹ̀lú sùtánà lọ́rùn mi? Ká má rí i!" Ẹ ṣáà mọ òfin ìjọ wa, sùtánà àti bàtà kì í jọ rìn. Bí mo ṣe wọlé pẹ̀lú ẹsẹ̀ lásán nìyẹn. Ó fi bẹ́líìtì dè mí mọ́ àga, a gbéra.

Háà! Mọ́tò ń lọ! Ilẹ̀ súnmọ́ ìdí mi, atẹ́gùn kó sínú sùtánà mi, ó wú. Mo di fìlà mú. A kọjá ilé ẹ̀kọ́, a bọ́ sí ọ̀nà tuntun tó lọ sí oko. Níbẹ̀ ni mo ti rí i pé nǹkan ń gbóná lábẹ́ gìgísẹ̀ mi. Kò kọ́kọ́ dunni. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, bí omi ìwẹ̀ tí ìyàwó ẹni gbé fúnni lọ́yẹ́. Ẹ má fi mí ṣẹ̀sín o, mo rò pé Ẹ̀mí ló bà lé mi! Ṣebí àdúrà la ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà tán. Mo na ọwọ́ sókè, mo ké, "Alelúyà!"

Fúnmi rò pé eré ló ń dùn mọ́ mi. Ó fi kún un. Bó ṣe ń fi kún un, bẹ́ẹ̀ ni abẹ́ ẹsẹ̀ mi ń gbóná sí i, bẹ́ẹ̀ ni alelúyà mi ń le sí i. Nígbà tó yá, ó wá kọjá ti Ẹ̀mí. Àfi bí ẹni tẹ ẹyín iná! Mo figbe ta, "Yéè! Mo gbé o! Fúnmi, dúró! Dúró!" Ó tẹ bíréèkì, mọ́tò dúró gbọn-in, kò yà sí ọ̀tún, kò yà sí òsì. Bẹ́líìtì ò jẹ́ kí n dìde, ni mo bá gbé ẹsẹ̀ méjèèjì lé iwájú mọ́tò, àgbà bíi tèmi.

Ẹ rẹ́rìn-ín, mo fún yín láyè. Fúnmi ò rẹ́rìn-ín. Ó wo gìgísẹ̀ mi, ó ti bó. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan páànù ilẹ̀ mọ́tò, ó fà á yọ kíá. Ó pa ẹ́ńjìnnì, ó tú mi sílẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ wo abẹ́. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ lábẹ́ ibẹ̀, "Bàbá, ẹ kúrò nídìí mọ́tò. Ẹ jìnnà sí i." Òun náà sá jáde tẹ̀lé mi.

Irin tó gbé sálẹ́ńsà, ọ̀nà èéfín mọ́tò, dúró ti já. Àná ọjọ́ yẹn ló wò ó, ó ní gbọn-in ló wà. Sálẹ́ńsà náà ti wá fara ti ilẹ̀ mọ́tò, ó gbóná janjan, ó sì ti kan rọ́bà tó ń gbé epo bẹntiróòlù lọ síwájú. Rọ́bà náà ti rọ̀, ó ti ń yọ́. Ó kù díẹ̀ kó lu, kí epo dà sórí sálẹ́ńsà.

Fúnmi wo bóòtù ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ní, "Bàbá, ẹsẹ̀ tèmi ò mọ nǹkan kan. Ká ní Sátidé ni, èmi nìkan ni ǹ bá wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú bẹ́líìtì lọ́rùn, lórí eré." Ó bú sẹ́kún. Mo gbá a mọ́ra, ọwọ́ rẹ̀ fi gírísì pa sùtánà mi, n kò bìkítà. Èmi náà sunkún lójú títì, gbangba.

Mo ti sọ fún Bàbá Wòlíì pé ojú ń tì mí, pé mo pe ooru sálẹ́ńsà ní Ẹ̀mí Mímọ́. Wọ́n ní, "Ta ló sọ fún yín pé Ẹ̀mí ò sí níbẹ̀?"

Ọmọ tó sunkún lọ́jọ́ Sọ́ńdè, ọjọ́ Mọ́ńdè ló ti padà sábẹ́ mọ́tò. Ó gbé ọ̀nà epo gba apá kejì, ó fi páìpù irin rọ́pò rọ́bà, ó fi irin méjì mú sálẹ́ńsà níbi tí ẹyọ kan wà. Tó bá sáré tán, á bọ́ sílẹ̀, á fọwọ́ kan ilẹ̀ mọ́tò. Ó ń ṣe bẹ́ẹ̀ títí ilẹ̀ náà fi tutù, tó tutù, tó tutù.

Mo bá a lọ sí tíráàkì ní Sátidé. Mọ́tò olówó kún ibẹ̀ bámúbámú, tiwa nìkan ló wá láti ṣẹ́ẹ̀dì ẹ̀gẹ́. Àmọ́ nígbà tí Fúnmi gbéra! Ó ń yí po, ó ń wọ kọ́nà bí ẹni ń fi òkèlè bọ ọbẹ̀, wẹ́rẹ́. Orí mi wú. Nígbà tó dúró, àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n ń wo ojú ibi tó ti jó irin pọ̀. Ọ̀gbẹ́ni kan bi í, "Ta ló bá ẹ ṣe é?" Ó ní, "Èmi ni, sà." Ọ̀gbẹ́ni náà ń wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó ń wá ọkùnrin tó ṣe é. Mo ní, "Ẹ má wò mọ́, sà. Kò sí ẹnì kankan lẹ́yìn rẹ̀, àfi Ọlọ́run."

Fúnmi, dìde. Má tijú, dìde, kí wọ́n rí ẹ. Ẹ wò ó, ẹ̀yin ará! Iná ò jó o, irin ò gún un. Gbogbo ẹni tó bímọ nínú ilé yìí, ẹ dìde bá mi yọ̀. Èmi ò ní sin ọmọ mi. Ọmọ mi ni yóò sin mí!