Òpó Tí Mo Pè Ní Òrìṣà

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ má tíì bú mi. Ọ̀rọ̀ yìí ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ọdún tó kọjá. Ǹ bá má sọ ọ́ láéláé, àmọ́ ọmọ màmá kan tí mo tọ́jú kó tó kú pè mí lórí fóònù lọ́jọ́ Àìkú. Ó ní kí n sin òun lọ síbi ère òrìṣà ńlá kan lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀, kí n fi ibi tí ìyá òun dúró sí han òun.

Ìyá rẹ̀ kò débẹ̀ rí.

Iṣẹ́ ìtọ́jú àgbàlagbà ni mò ń ṣe níbí, ní Maryland. Lọ́dún tó kọjá, màmá ará Íńdíà yìí ni mò ń tọ́jú nílé rẹ̀ ní Glenarden. Ojú rẹ̀ ti di bàìbàì, ọkàn rẹ̀ kò sì ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́. Ohun kan ṣoṣo ló ń tọrọ: kí wọ́n gbé òun lọ wo ère Hánúmàn, òrìṣà àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù, tó wà níwájú tẹ́ńpìlì wọn ní àgbègbè wa níbí. Ère náà ga ju ilé alájà méjì lọ. Ó ní bójú òun ṣe ṣú tó, òun á rí ohun tó tóbi tó yẹn.

Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin kì í ráyè. Ó bẹ̀ mí kí n gbé e lọ. Mo ní ó dáa.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi yé. Pásítọ̀ wa ti kìlọ̀ fún wa gan-an nípa òrìṣà. Mo ń rò ó pé bí ará ìjọ kan bá rí mọ́tò mi níbẹ̀ ńkọ́? Ká sòótọ́, ojú ayé ni mò ń wò, kì í ṣe ti Ọlọ́run.

Bá a ṣe jáde, Temple Hills, ìlú mìíràn tí kì í ṣe ibi tí tẹ́ńpìlì wà, ni mo forí lé. Mo yà síwájú ilé ìtajà kan tí wọ́n ti tì pa. Òpó gíga kan wà níbẹ̀ tó gbé pátákó orúkọ ilé ìtajà náà sókè. Mo gbé màmá sórí àga onítáyà rẹ̀, mo tì í dé iwájú òpó náà.

Mo ní, "Màmá, a ti dé."

Ó gbójú sókè. "Ṣé òun nìyẹn?"

"Òun ni, mà."

Ó pa àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì pọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ó ní kí n bá òun fi òdòdó tó wà lọ́wọ́ òun síbi ẹsẹ̀ ère náà. Mo gbà á. Inú garawa ìdọ̀tí ni mo jù ú sí.

Ó kú kí yìnyín tó bẹ̀rẹ̀. Níbi ìsìnkú, ọmọ rẹ̀ dì mọ́ mi. Ó ní, "Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ jẹ́ kó rí i. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀ títí tó fi lọ."

Lẹ́yìn tó pè mí lọ́jọ́ Àìkú yẹn, mo dá lọ sí tẹ́ńpìlì náà gan-an. Mo gbójú sókè wo ère náà títí ọrùn fi ń dùn mí. Kò sẹ́ni tó bi mí ní ṣọ́ọ̀ṣì tí mò ń lọ. Ọ̀nà tẹ́jú níbẹ̀ fún àga onítáyà. Ibẹ̀ tiẹ̀ sún mọ́ ilé màmá ju Temple Hills lọ. Obìnrin kan bi mí pé, "Ṣé ẹ mú ẹnì kan wá ni?" Mo ní rárá, mo yára padà sínú mọ́tò.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe? Bí mo bá jẹ́wọ́ fún ọmọkùnrin yìí, mo gba ìtùnú tó kù fún un lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn. Bí mi ò bá jẹ́wọ́, màá dúró tì í níbẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé, màá nawọ́ sílẹ̀, màá sì sọ fún un pé, "Ibí yìí ni."