Àtàǹpàkò Tó Ṣílẹ̀kùn Kẹ́yìn

Ẹ ò ní gbà mí gbọ́, mo mọ̀. Bí mo bá sọ pé ọ̀rọ̀ páásíwọ̀dù ló bẹ̀rẹ̀ ohun tí adájọ́ fi ní kí wọ́n yẹgi fún mi, ẹ ó ní orí ẹlẹ́wọ̀n yìí ti dàrú. Ọmọkùnrin tó wà ní yàrá kejì, ẹni tó pààyàn níbi ìjà, òun náà fi mí rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n, kọ̀ǹpútà lẹ fi pààyàn?"

Láti ọjọ́ ìdájọ́ ni n kò ti lè jókòó. Ìṣísẹ̀ mẹ́fà ni yàrá mi láti ògiri dé ògiri. Mo ti rìn ín débi pé, ká ní títì ni, ǹ bá ti dé Àgbádárìgì, ǹ bá sì ti padà.

Òṣìṣẹ́ ìjọba ni mí. Ní ọ́fíìsì kan ní Amuwo-Odofin, tí n kò ní dárúkọ, la ti ń tọ́jú ìwé àwọn onílé. Fáìlì la mọ̀. Eku a jẹ díẹ̀, àwa náà a fi díẹ̀ pamọ́, ayé ń lọ. Àfi bí ìjọba ṣe kó kọ̀ǹpútà dé, tí wọ́n sì fi Tóyìn ránṣẹ́ pé kó máa ṣọ́ ọ kí olè má baà wọ inú rẹ̀.

Tóyìn ò ju ọmọ ọgbọ̀n ọdún lọ, ó tín-ín-rín bí ọwọ̀ tó ti gbó. Ó fún oníkálukú ní páásíwọ̀dù tirẹ̀. Bí a bá fẹ́ yí orúkọ onílé padà, kóòdù á kọ́kọ́ wọ fóònù wa. Yàrá tí kọ̀ǹpútà ńlá wà, àtàǹpàkò la fi ń ṣí i. Mo sọ ọ́ ní Ìyá Kọ́kọ́rọ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má fún ẹnikẹ́ni ní kóòdù yín o. Ohun tí wọ́n bá fi ṣe, orúkọ yín ni ẹ̀rọ máa kọ."

"Ìyá Kọ́kọ́rọ́, ṣé ìyàwó mi náà ò gbọdọ̀ mọ̀ ọ́n ni?"

"Àwọn gan-an ni mò ń sọ, sà."

Ó dá wa lẹ́kọ̀ọ́ odindi ọjọ́ kan. Mo fọwọ́ síwèé pé mo wá, gẹ́gẹ́ bí àṣà wa, mo sì gba ẹ̀yìn jáde lọ jẹ ẹja yíyan ní Alákijà. Ẹ fi ọjọ́ yẹn sọ́kàn.

Rámọ́nì, ajẹ́ǹtì ilé kan tó ń gbé ní Mazamaza, ló wá bá mi. "Ọ̀gá mi, ẹ jẹ́ kí n fi páásíwọ̀dù yín yẹ fáìlì kan wò, kí ẹ lè máa sinmi." Kí n má purọ́, inú mi dùn. N kò mọ ẹ̀rọ náà lò, ojú sì ń tì mí láti bi Tóyìn. Mo fún un. Nígbà tó yá, bí kóòdù bá ti wọlé, màá kà á fún un lórí fóònù bí ẹni ń ka Sáàmù. Ó gbé ẹ̀rọ amúlétutù wá sílé mi. N kò bi í léèrè ìdí.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, màmá àgbà kan wọlé, akọ̀wé ìjọba tó ti fẹ̀yìn tì. Wọ́n ti kó ẹrù rẹ̀ síta nílé tí òun àti olóògbé ọkọ rẹ̀ jọ gbé ní Festac. Orúkọ ẹlòmíì ló wà nínú kọ̀ǹpútà wa. Tóyìn yẹ̀ ẹ́ wò, ó tún un yẹ̀ wò, ó gbójú sókè.

"Ẹ̀gbọ́n, páásíwọ̀dù yín ni."

"Àṣìṣe ẹ̀rọ ni."

"Ẹ̀rọ kì í ka kóòdù fún ara rẹ̀, sà. Ẹ sọ òótọ́ kó tó di Mọ́ńdè. Mọ́ńdè ni màá kọ̀wé sí orílé-iṣẹ́."

Mo rìn yípo pálọ̀ mi títí ilẹ̀ fi mọ́. Mo rò pé bí kọ̀ǹpútà ńlá bá jóná, àkọsílẹ̀ á bá a jóná. Ní ọ̀sán Sátidé, tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni wà ní ọ́fíìsì, mo lọ gbé pẹtiróòlù tí a ń dà sí jẹnẹrétọ̀ níbẹ̀. Mo fi àtàǹpàkò ṣílẹ̀kùn, mo dà á sílẹ̀, mo ṣáná sí i, mo fa ilẹ̀kùn dé.

Ìgbà náà ni mo gbọ́ ohùn. Tóyìn wà nínú, lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù. Ó wá wá ọ̀nà tí ilé màmá yóò fi padà sọ́wọ́ rẹ̀. Iná sì ti jó wáyà bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń jáde.

"Ta ló wà níta? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fọwọ́ ṣílẹ̀kùn."

Mo na àtàǹpàkò. Ó ku bí irun kó kan ẹ̀rọ. Mo rò ó pé bó bá jáde, á rí mi. Mo fà á sẹ́yìn. Ó ṣì ń kan ilẹ̀kùn nígbà tí mo lọ.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń wọṣẹ́ ìjọba, ohun tuntun á máa dé. Bí ẹ ò bá mọ̀ ọ́n, ẹ béèrè, kódà lọ́wọ́ ẹni tí ẹ lè bí lọ́mọ. Ìtìjú ló gba páásíwọ̀dù lọ́wọ́ mi kí Rámọ́nì tó dé. Bí ẹ bá sì ti ṣe é, ẹ jẹ́wọ́ ní Jímọ̀. Ẹ má jẹ́ kó di Sátidé.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì iná náà, wọ́n pe gbogbo wa síwájú ọ́fíìsì tó jó. Èmi ni mo sunkún Tóyìn jù. Ọkùnrin kan láti orílé-iṣẹ́ gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká lé bọ́nẹ́ẹ̀tì mọ́tò. Ó ní gbogbo ohun tó bá wọ kọ̀ǹpútà wa ni ẹ̀dà rẹ̀ ń lọ síbòmíràn lójú ẹsẹ̀, títí kan àtàǹpàkò tó ṣílẹ̀kùn kẹ́yìn. Ó pe orúkọ mi.

Kí n tó mọ̀, ẹnu mi ti là. "Kò sẹ́ni tó sọ fún wa pé ẹ̀dà wà."

"Tóyìn sọ ọ́, sà. Lọ́jọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́."

Ó yí kọ̀ǹpútà náà sí mi. Ìwé àwọn tó wá lọ́jọ́ náà ló wà níbẹ̀. Orúkọ mi ló ṣáájú, mo sì ti fọwọ́ sí i.